Ẹ má tíì yọ index yẹn
Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tí ẹ ń bójú tó database, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó yọ index (atọ́ka tó ń jẹ́ kí database tètè rí data) tó dà bíi pé kò níṣẹ́. Lóòótọ́ ló ń jẹ àyè, tó sì ń fa kíkọ data sínú database sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ìparí oṣù nìkan ni tèmi ń ṣiṣẹ́, nígbà tí a bá ń ṣírò owó àwọn àgbẹ̀ oníkòkó. Oṣù tí mo yọ ọ́, ìṣirò ìṣẹ́jú méjì ń yí títí oòrùn fi wọ̀.

Lórí PostgreSQL, bí idx_scan (òǹkà iye ìgbà tí a ti lo index) bá tilẹ̀ jẹ́ 0, ẹ wo ti replica (ẹ̀dà database lórí server mìíràn) náà. Òǹkà tirẹ̀ dá dúró. Index tó bá jẹ́ UNIQUE (èyí tí kì í jẹ́ kí iye kan náà wọlé lẹ́ẹ̀mejì), ẹ má fọwọ́ kàn án rárá. Ẹni tó ń lo MySQL 8.0, ẹ kọ́kọ́ sọ index náà di INVISIBLE (ó ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kò ní lò ó), kí ìparí oṣù kan kọjá ná.