Bí ẹ ṣe lè mọ̀ bóyá eruku ni àbí ìkúùkuu ló ń dín oòrùn kù n'Ífẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sólà lórí òrùlé n'Ífẹ̀ níbí, tí iná tó ń gbé wá bá dín kù, kẹ́ ẹ tó bú ẹni tó bá yín so ó, ẹ kọ́kọ́ nu pánẹ́ẹ̀lì yẹn ná, torí eruku tó bà lé e yàtọ̀ sí èyí tó wà lófuurufú. Tó bá ti mọ́, ẹ máa kọ iye wáàtì tó ń gbé wá ní aago 12 ọ̀sán sílẹ̀, àti bójú ọ̀run ṣe rí.

Ẹ fọwọ́ bo oòrùn (ẹ má wò ó lójú o!), ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tó bá funfun bí omi ògì tí ò sì sí ìkúùkuu, eruku ọyẹ́ nìyẹn, apá Bodélé ní Chad ni púpọ̀ nínú ẹ̀ ti ń wá, ó máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká débi pé òjìji yín ò ní hàn ketekete. Júláì sí Ọ́gọ́ọ̀sì ńkọ́? Ìkúùkuu ni, òjò ti fọ eruku lọ ṣùgbọ́n oòrùn ò ráyè yọjú.

Jánúárì ni kẹ́ ẹ fi wé Jánúárì, kẹ́ ẹ sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí lẹ́yìn tí Pinatubo, òkè ayọnáyèéfín kan ní Philippines, bú gbàmù ní 1991, oòrùn tààrà dín kù káàkiri ayé fúngbà díẹ̀, ó sì padà bọ̀ sípò. Ti Yúróòpù ló pẹ́: láti bí 1950 títí wọ 1980 ó ń dín kù, èéfín wà lára ohun tó fà á, ìgbà tí wọ́n dín èéfín kù ló tún ń pọ̀ sí i. Èéfín yẹn náà lè mú kí ìkúùkuu túbọ̀ funfun, kó máa dá oòrùn padà sókè, torí náà èéfín àti ìkúùkuu ti wọnú ara wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dátà ọlọ́jọ́ pípẹ́, AERONET, ètò NASA (àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà) tó ń wọn eruku àti èéfín inú afẹ́fẹ́, ti ní ẹ̀rọ n'Ílọrin láti 1998, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.