Bí Mo Ṣe Tú Orí Tírélà Kékeré Kan Palẹ̀, Tí Mo sì Tún Un Tò

Ẹni tó bá ra àwòṣe tírélà àtijọ́ pé òun fẹ́ tún un ṣe, ọ̀dà kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ wá lọ. Títú u palẹ̀ ló ń gba àkókò jù, ṣáàsì ló sì ń sọ bóyá iṣẹ́ náà dáa tàbí kò dáa. Ọ̀dà lè máa dán gbinrin, ṣùgbọ́n tí ṣáàsì bá wọ́, tí táyà kan ò kanlẹ̀, ẹni tó bá sún mọ́ ọn á ṣáà mọ̀ pé nǹkan kan ò lọ déédéé, kódà bí kò bá lè tọ́ka sí i.

Èyí tí mo ṣe ni Peterbilt 359, àwòṣe oníke tí ilé-iṣẹ́ AMT ń ṣe fún títò, ìwọ̀n 1/25. Ọkọ̀ gidi yẹn ni Peterbilt ń ṣe ní Amẹ́ríkà láti 1967 títí di 1987: imú gígùn, gíláàsì iwájú pẹlẹbẹ méjì, sàlẹ́ńsà tó nà sókè lẹ́yìn kábíìnì, táyà mẹ́wàá, méjì níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Ìwọ̀n 1/25 ni pé sẹ̀ǹtímítà 25 lára ọkọ̀ gidi di sẹ̀ǹtímítà 1 lára àwòṣe. Táyà tó ga ní mítà 1 di sẹ̀ǹtímítà 4. Ẹ fi ìṣirò yẹn sọ́kàn, torí ibẹ̀ la ti ń mọ ìdí tí ọ̀dà tó ki fi ń ba àwòṣe jẹ́. Ọ̀dà tó nípọn ní mílímítà 0.1 péré lára rẹ̀, àfi bíi pé wọ́n fi ọ̀dà tó nípọn ní mílímítà 2.5 kun ọkọ̀ gidi. Ta ló ń kun ọkọ̀ bẹ́ẹ̀?

Èyí tó dé ọwọ́ mi sì ti rí nǹkan. Ẹni tó kọ́kọ́ tò ó ò fi gúlù ṣahun rárá; gbogbo oríkèé ló ti ṣàn jáde tó sì gbẹ síbẹ̀. Ó fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kun kábíìnì ní pupa, ó yí ọkàn padà, ó tún kun àwọ̀ ewé lé e lórí, débi pé orí àwọn ìṣó kéékèèké tó wà lára ilẹ̀kùn ti rì sínú ọ̀dà. Sàlẹ́ńsà kan ti sọnù, dígí ìwòyìn apá ọ̀tún ti kán, gíláàsì iwájú ti funfun, kò ṣeé wò kọjá mọ́. Lára ilẹ̀kùn apá òsì, níbi tí gúlù ti kán sí, àmì àtàǹpàkò rẹ̀ wà níbẹ̀ ketekete, gbogbo ìlà ìka, ó ti tẹ̀ wọnú ike tó yọ́. Lára ẹ́ńjìnnì, ó ti so òwú dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ pé wáyà ni. Ọmọdé kọ́ ló ṣe ìyẹn. Tàbí kó jẹ́ ọmọdé, ṣùgbọ́n tó ti la ojú mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Àwọn kan wà nínú àwa tó ń ṣe eléyìí tí wọ́n gbà pé kò yẹ kéèyàn tú iṣẹ́ ẹlòmíì palẹ̀, pé bó ṣe wà ni kó máa wà. Tó bá jẹ́ ti bàbá ẹni tàbí ẹ̀gbọ́n ẹni ni, mo fara mọ́ ọn. Èyí ò ní ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́. Mo tú u.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan kan, mo ya fọ́tò rẹ̀ yípo, mo yà á lábẹ́, mo ya inú kábíìnì. Ẹ má fojú kéré ìyẹn o. Tí gbogbo ẹ̀ bá ti di ègé lórí tábìlì, kò sí bí orí ṣe lè pé tó tó máa rántí ibi tí páìpù kékeré kan ti wá.

Ọ̀rọ̀ gúlù ló yẹ kó yé èèyàn kó tó fa nǹkan ya. Gúlù tí wọ́n dìídì ṣe fún àwòṣe oníke kì í lẹ̀ bí gúlù ìwé. Ṣe ló ń yọ́ ojú ike méjèèjì, wọ́n á sì dà pọ̀ di ọ̀kan. Super glue ní tiẹ̀ kì í yọ́ ike. Àárín ló dúró sí, ó sì gan. Nítorí náà, ibi tó bá jẹ́ super glue, tàbí ibi tí gúlù kan wulẹ̀ ṣù jọ tí ojú ike méjèèjì ò pàdé dáadáa, òtútù lè là á. Mo fi ọ̀rá wé gbogbo ọkọ̀ náà, mo gbé e sínú fírísà, ó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí mo gbé e jáde, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan díẹ̀díẹ̀, tí mo bá ti gbọ́ “ta!” mo mọ̀ pé ìyẹn ti já. Bọ́ḿpà já bẹ́ẹ̀, táǹkì epo méjèèjì já, kábíìnì náà kúrò lórí ṣáàsì. Èyí tó bá kọ̀, mo dá a padà sínú fírísà. Ibi tí ike ti dà pọ̀ mọ́ ike, fírísà ò ran ibẹ̀. Ayùn tín-ín-rín tí ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ ni mo fi rẹ́ ẹ, mo sì ń tẹ̀ lé ìlà oríkèé náà gan-an. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ ò balẹ̀.

Yíyọ ọ̀dà ló tẹ̀ lé e. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe tínà ni wọ́n fi ń bọ́ ọ̀dà kúrò lára àwòṣe oníke. Tínà tí àwọn tó ń kun mọ́tò ń lò máa yọ́ ike náà, acetone náà á yọ́ ọ. Ọtí isopropyl ni mo kọ́kọ́ dán wò níbi tó pamọ́ lábẹ́ kábíìnì. Ó dáa fún ọ̀dà olómi, ṣùgbọ́n ọ̀dà olóròóró àtijọ́ yìí ò dá a lóhùn. Mo wá lo epo búréèkì, mo ri kábíìnì sínú rẹ̀ nínú ike tó ní ìdérí, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo ṣí fèrèsé. Nígbà tó ṣe, ọ̀dà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ó ń ká kúrò lára ike. Bọ́rọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù ni mo fi gbá a kúrò: àwọ̀ ewé kọ́kọ́ lọ, pupa tẹ̀ lé e, ìṣó orí ilẹ̀kùn sì yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ àti omi ni mo fi fọ̀ ọ́ gbẹ̀yìn, torí ọ̀dà tuntun ò ní mú níbi tí epo bá wà.

Kùrómù rọrùn ju ìyẹn lọ. Aláwọ̀ fàdákà tó ń dán lára bọ́ḿpà àwòṣe, aluminium fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, bílíìṣì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sì ń jẹ ẹ́ kúrò. Ẹ ṣáà má da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ọṣẹ olómi mìíràn tàbí nǹkan tó kan, èéfín tó ń tibẹ̀ jáde burú fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ṣáàsì wá kù. Irin gígùn méjì ni ṣáàsì tírélà, pẹ̀lú àwọn tó dábùú wọn. Tèmi ti lọ́ níwájú apá òsì, bóyá torí ìgbà tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ni wọ́n fi gbé e títí gúlù fi gbẹ. Mo ní gíláàsì pẹlẹbẹ kan tó nípọn tí mo fi ń ṣe tábìlì iṣẹ́. Gíláàsì ni mo fọkàn tán. Pákó máa ń wọ́, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo gbé ṣáàsì sórí rẹ̀, mo ń tẹ igun kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá tẹ ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú òsì á gbé sókè. Mo gbé omi kaná títí ọwọ́ ò fi lè gbà á, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kó hó, torí irú ike yìí, polystyrene, ń rọ̀ pátápátá tí ooru bá ti ń tó 100°C. Mo ri ibi tó lọ́ sínú omi náà, mo yọ ọ́, mo lọ́ ọ padà sí òdì kejì kó kọjá ibi tó yẹ díẹ̀, mo sì tì í bọ inú omi tútù kíá. Díẹ̀ ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan, èèyàn á tún un ṣe, á tún gbé e sórí gíláàsì.

Nígbà tó kanlẹ̀ tán, mo wọ̀n ọ́n láti igun dé igun bí bíríkìlà ṣe ń wọn ìpìlẹ̀ ilé: iwájú òsì dé ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún dé ẹ̀yìn òsì. Tí méjèèjì bá dọ́gba, ó gún. Àwọn tó dábùú tí mo ti rẹ́ kúrò, mo dá wọn padà sí àyè wọn, mo fi rọ́bà dè é, mo fi orí bọ́rọ́ọ̀ṣì kan gúlù olómi mọ́ oríkèé. Gúlù yẹn fúnra rẹ̀ ló ń sá wọnú ihò, kò sídìí láti fi kún un. Mo gbé nǹkan wúwo lé e lórí gíláàsì náà, n kò sì tún fọwọ́ kàn án títí di ọjọ́ kejì.

Sàlẹ́ńsà tó kù ṣì dáa, síbẹ̀ mo yọ ọ́ sọnù. Tí mo bá ṣe ẹyọ kan tuntun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ojú á máa ṣe ìfiwéra títí ayé. Páìpù aluminium tó fẹ̀ ní mílímítà 5 ni mo fi ṣe méjèèjì, èyí tó dọ́gba pẹ̀lú sàlẹ́ńsà bí ínǹṣì 5 lára ọkọ̀ gidi. Àǹfààní tó tún wà níbẹ̀ ni pé ihò rẹ̀ jinlẹ̀, etí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́, nígbà tó jẹ́ pé sàlẹ́ńsà oníke dí lórí. Dígí ìwòyìn ọkọ̀ yìí onígun mẹ́rin ni, òsì àti ọ̀tún ò yàtọ̀, nítorí náà mo po silicone alápá méjì, irú rọ́bà tí wọ́n ń fọwọ́ pò, mo tẹ ti òsì mọ́ ọn, mo jẹ́ kó gan, mo yọ dígí náà, mo sì da résìnì, ike olómi tó máa ń gan, sí ojú ihò tó fi sílẹ̀. Wáyà ni mo fi ṣe apá tó gbé e dúró.

Gíláàsì iwájú ò gbà mí lákòókò. Super glue ló sọ ọ́ di funfun. Èéfín rẹ̀ ló máa ń bà lé ike tó mọ́lẹ̀ kedere. Gíláàsì tó bá tẹ̀ kọdọrọ ni ì bá dá mi lágara, ṣùgbọ́n ti 359 pẹlẹbẹ ni, kéèyàn gé ike kedere láti ara páálí ìdìpọ̀ ni. Gúlù funfun ìwé ni mo fi lẹ̀ ẹ́, ó ń gbẹ mọ́lẹ̀ kedere, kì í sì í tú èéfín.

Lórí ọ̀dà, práímà aláwọ̀ eérú, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, ló ń tú àṣírí. Gbogbo ibi tí mo rò pé sáńpépà ti kúnná dáadáa ló fi hàn, pàápàá ojú ibi tí àtàǹpàkò ọjọ́ kìíní wà. Mo fi pọ́tì dí i, mo fi sáńpépà 400 yún un, mo tún fi 1000 olómi kúnná rẹ̀, mo fọ́n práímà sí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Àwọ̀ búlúù ni mo yàn. Mo fi agolo ọ̀dà náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kó lè jáde wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mo jìnnà sí i tó sẹ̀ǹtímítà 20, fífọ́n kọ̀ọ̀kan ò sì tó láti bo práímà tán. Àwọn tó ń fọ́n gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló ń ri ìṣó orí ilẹ̀kùn padà sínú ọ̀dà. Ọjọ́ tí òjò bá ṣú, n kì í fọ́n ọ̀dà lacquer, èyí tó ń yára gbẹ, torí ọ̀rinrin máa ń jẹ́ kó funfun lójú.

Sítíkà tó bá a wá, irú tí wọ́n ń rì sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé rẹ̀ mọ́ gíláàsì fèrèsé níbi tí oòrùn ń pa, oòrùn sì bọ́ àwọ̀ yẹn kúrò. Sítíkà àtijọ́ sì lè fọ́ wẹ́wẹ́ nínú omi, nítorí náà mo fọ́n kílíà, ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, lé e lórí kí n tó gé e, mo sì fi èyí tí n kò nílò dán omi wò. Ojú ọ̀dà tó ń dán ni kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Lórí ọ̀dà tó ṣá, afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, á sì máa tàn bíi fàdákà.

Táyà àwòṣe náà ní ọ̀ràn tiẹ̀. Òróró tó mú kó rọ̀ máa ń jò jáde bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, á sì jẹ ike tó bá kàn. Wíìlì mẹ́ta lára tèmi ti jẹ bẹ́ẹ̀. Mo fi pọ́tì tún wọn ṣe, mo sì fi téèpù aluminium wé etí wíìlì kọ̀ọ̀kan kí n tó ki táyà bọ̀ ọ́. Mo gbé ọkọ̀ náà padà sórí gíláàsì, mo fi ègé ìwé tín-ín-rín sábẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, mo ń fà á. Táyà tó bá kanlẹ̀ á di ìwé mú. Ti inú lẹ́yìn ọ̀tún jẹ́ kí ìwé yọ wọ́ọ́rọ́wọ́, mo fi ayùn fá ibi tí ọ̀pá táyà jókòó sí díẹ̀, títí òun náà fi dì í mú.

Òwú dúdú tó wà lára ẹ́ńjìnnì, mi ò yọ ọ́. Mo kàn fi ọ̀dà dúdú tó ṣá kàn án kó má baà máa yọ irun, mo sì da imú ọkọ̀ dé e. Tí ẹ bá ṣí imú náà síwájú, ẹ máa rí i. Dígí ìwòyìn ni mo lẹ̀ gbẹ̀yìn pátápátá, torí òun ló máa ń kọ́kọ́ kán téèyàn bá ń gbé ọkọ̀ yí.