Ẹ Béèrè Àyè Nílé Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Hú Ẹ̀gẹ́

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ìyá onígààrí agbègbè Òmù-Àrán, Ọ̀fà àti Àjàṣẹ́-Ìpo, a ò wá kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tó jẹrà lọ́dún tó kọjá lẹ́bàá ilé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ti ń rin ẹ̀gẹ́ ló fa ìwé yìí. Àrùn kọ́ ló pa á. Wọ́n gbé e dé, wọ́n bá ibẹ̀ kún, wọ́n sì dá a padà lọ́jọ́ méjì títí ó fi dúdú.

Ohun tí ẹ máa ń sọ ni pé kí wọ́n fẹ àtíbàbà tí ẹrù ti ń dúró de ẹ̀rọ. Àtíbàbà kọ́!

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ẹ̀rọ ń rin ẹrù 4 ní wákàtí kan, ó ń yá nígbà kan, ó ń pẹ́ nígbà mìíràn. Àyè ẹrù 5 ló wà, pẹ̀lú èyí tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí ọjọ́ ọjà bá ku ọ̀la, gbogbo yín á ya bò ó, ẹrù 6 ní wákàtí kan, oníkálukú ń dé nígbà tó wù ú. Nínú ẹrù 100, nǹkan bí 37 ni kò ní ríbi wọ̀. Ẹ wá fẹ àtíbàbà kó gba 10: nǹkan bí 34 ṣì ń padà sílé! Àwọn tó ráyè, tí wọ́n ń lo bíi wákàtí 1 tẹ́lẹ̀, wá ń lo wákàtí 2. Owó páànù wọlẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń rin 4 ò lè rin 6, bí ẹ tiẹ̀ kọ́ ààfin yí i ká.

Ẹ pín ọjọ́ láàárín ara yín, kí ẹrù 3 máa dé ní wákàtí kan. Nínú àyè 5 yẹn náà, nǹkan bí 7 péré nínú 100 ni yóò padà. Ìgbà yìí ni àtíbàbà tó wúlò: àyè 10 á sọ 7 di 1 tàbí 2.

Ìṣirò yìí kò ti ọ̀dọ̀ onígààrí wá. Agner Krarup Erlang, ará Denmark, ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lórí ìpè tó ń wọlé sórí tẹlifóònù ní Copenhagen ní 1909. Àmọ́ ìpè kì í jẹrà.

Nítorí náà, ẹ pe onílé ẹ̀rọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Onílé ẹ̀rọ, ẹ má kọ ju orúkọ 3 lọ sí wákàtí kan, ìbáà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló ń bẹ̀bẹ̀. Bó bá kún, ẹ fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ nínú ilẹ̀. Kò ní sá lọ. Ẹni tó bá ti hú tirẹ̀ láìbéèrè, kó bó o, kó sì rẹ ẹ́ sómi fún láfún lálẹ́ ọjọ́ náà.