Gíláàsì Ìjàpá tí wọ́n tò l'Ékòó: kí ẹ tó náwó, ẹ ka èyí ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ jí Ìjàpá bàbá yín, ìyẹn Volkswagen Beetle, dìde, tẹ́ ẹ ti ṣe ẹ́ńjìnnì tán, tí pánẹ́ẹ̀lì-bítà ti lu bọ́dì tó gún régé, ibi gíláàsì ló kàn, ibẹ̀ ló sì máa ń dá ọ̀pọ̀ èèyàn dúró. Kì í ṣe pé gíláàsì Ìjàpá ò sí o, ó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì fọ́fọ́, wàhálà ibẹ̀ ni pé èyí tó kún ibẹ̀ yẹn lè má wọ ọkọ̀ yín rárá.

Ìdí ẹ̀ rèé. Ilé iṣẹ́ Volkswagen tó wà l'Ọ́jọ̀ọ́, lọ́nà Àgbádárìgì níbi tí wọ́n ṣì ń pe bọ́ọ̀sìtọ́ọ̀pù ní Volks títí dòní, ọdún 1975 ló bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀, Brazil ni wọ́n sì ti ń kó ẹ̀yà Ìjàpá wá, kì í ṣe Jámánì. Àwọn ará Jámánì fẹ gbogbo gíláàsì Ìjàpá lójú ní oṣù kẹjọ 1964 fún mọ́dẹ́ẹ̀lì 1965, tiwájú, tẹ̀yìn, tilẹ̀kùn, tẹ̀gbẹ́, gbogbo ẹ̀. Àwọn Brazil, tí wọ́n ń pe tiwọn ní Fusca, ò bá wọn lọ síbẹ̀, wọ́n fi òpó ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn sílẹ̀ bó ṣe nípọn, wọ́n fi gíláàsì ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ bó ṣe kéré. Torí náà Ìjàpá 1977 tí wọ́n tò l'Ékòó àti Ìjàpá 1977 tó ti Jámánì wá, ọdún kan náà ni o, ṣùgbọ́n gíláàsì ẹ̀gbẹ́ wọn ò bára mu. Ẹni tó ń tà á á bi yín pé ọdún wo ni, ẹ ó ní 1977, á fi ti Jámánì ránṣẹ́, owó ti lọ nìyẹn.

Ẹ má fọdún nìkan ra gíláàsì, jàre. Ẹ yọ rọ́bà ojú fèrèsé, ẹ gé páálí líle títí tó fi wọ ihò yẹn dáadáa, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní séńtímítà, gígùn, fífẹ̀, àti láti igun dé igun, kí ẹ ya fọ́tò páálí yẹn pẹ̀lú rúlà lórí ẹ̀. Fọ́tò yìí lẹ máa fi bá ẹni tó ń tà sọ̀rọ̀. Tó bá jẹ́ pé tòkunbọ̀ láti Jámánì tàbí Amẹ́ríkà ni tiyín, ọ̀nà mìíràn nìyẹn: èyí tí gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ pín sí méjì ò kọjá oṣù kẹta 1953, èyí tó rí roboto bí ẹyin gbà á títí dé 1957, tẹ̀yìn tún ga sí i fún mọ́dẹ́ẹ̀lì 1972, 1303, oríṣi Ìjàpá kan tó bẹ̀rẹ̀ láti mọ́dẹ́ẹ̀lì 1973, sì ni gíláàsì iwájú ẹ̀ yọ bẹ̀ǹbẹ̀. Ẹni tó ní Igala, ọkọ̀ Volkswagen mìíràn, náà, ẹ máa wá a lórúkọ Brasília, torí Brasília náà ni wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà nílé wa níbí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka igun gíláàsì. Àmì kékeré tó wà níbẹ̀ á sọ ẹni tó ṣe é. Lára Ìjàpá Brazil, Santa Marina tàbí Blindex lẹ máa ń rí, ti Jámánì sì sábà máa ń jẹ́ Sekurit. Tẹ́ ẹ bá rí E nínú róbótó pẹ̀lú 43R lára gíláàsì ọkọ̀ 1976, ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ̀ nìyẹn, torí òfin àgbáyé lórí gíláàsì ọkọ̀ tí 43R yẹn ń sọ, 1981 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ náà o, èyí tó ń ṣe bí ewéko díẹ̀ láàárín àwọn tó mọ́ gaara, ẹ ò lè fi pamọ́, gbogbo ayé á rí i.

Níbo lẹ ti máa wá a? Ládìpọ̀, Owódé Onírin, Gate n'Íbàdàn, ẹ lọ o, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹkáníìkì àgbà ló dáa jù, níbi tí òkú Ìjàpá ti ń jẹko. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ ra odindi ilẹ̀kùn, ẹ má yọ gíláàsì nìkan, torí gíláàsì kékeré onígun mẹ́ta tó wà níwájú yẹn pẹ̀lú férémù ẹ̀ ló máa ń ṣòro rí jù. Tí kò bá sí níbí, Brazil ló kù, ẹ wọ Mercado Livre, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì wọn, kí ẹ tẹ "vidro da porta Fusca", ti onígun mẹ́ta yẹn ni "quebra-vento", tẹ̀yìn ni "vigia". Ẹ wá ẹni yín kan lọ́hùn-ún tó máa bá yín gbà á, kí ẹ sì kìlọ̀ fún un pé ìdúró ni kí wọ́n to gíláàsì sínú àpótí, kí wọ́n má tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí wọ́n di etí ẹ̀ dáadáa, torí etí ni tempered, gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, ti ń kú.

Tempered yìí náà, kò sí onígíláàsì tó lè gé e tàbí kó fá díẹ̀ kúrò lára ẹ̀, á fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ni. Laminated pẹlẹbẹ ni wọ́n lè gé. Ẹ fẹ́ mọ ìyàtọ̀? Ẹ wo etí ẹ̀, laminated ní ìlà láàárín torí gíláàsì méjì ni wọ́n lẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fi awò òòrùn polarised wo tempered, ẹ máa rí àbàwọ́n dúdúdúdú.

Tiwájú ńkọ́? Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, laminated ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀, kódà kó jẹ́ tempered ló bá a wá láti ilé iṣẹ́. Òkúta kan péré láti abẹ́ táyà tírélà lójú ọ̀nà wa yìí, tempered á funfun balau lójú yín lórí eré. Àwọn kan máa ń fín àmì àtijọ́ sára gíláàsì tuntun, orúkọ ilé iṣẹ́ ò burú, ṣùgbọ́n ẹ má fín àmì ààbò tí gíláàsì yẹn ò ní, irọ́ tó lè pààyàn nìyẹn.

Kí ẹ tó sọ ti àtijọ́ nù ṣá, ẹ fi èékánná wọ́ ojú ibi tí wáípà ti họ ọ́. Tí èékánná ò bá kọ́, cerium oxide, ìyẹn àtíkè tí wọ́n fi ń dán gíláàsì, pẹ̀lú omi àti sùúrù á mú un kúrò. Tó bá kọ́, ẹ fi sílẹ̀.

Rọ́bà, ẹ ra tuntun, oríṣi méjì ló wà, èyí tó ní ojú fún irin dídán àti èyí tí kò ní. Ẹ fá ìpẹtà abẹ́ ẹ̀ kúrò, ẹ kun ún, kó gbẹ. Ẹ wọ rọ́bà sí gíláàsì lára, ẹ ki irin dídán yẹn sínú ẹ̀ nísinsìnyí, torí tó bá ti wọlé sára ọkọ̀ tán kò ní gbà mọ́, ẹ fi okùn tínínrín yí ojú rọ́bà po, ẹ fi omi ọṣẹ pa á, kí ẹnì kan máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti ìta kí ẹnì kejì máa fa okùn láti inú, ìsàlẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Sílíkóònì tí wọ́n máa ń fẹ́ kùn sí i yẹn, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò fẹ́, omi ló máa há sábẹ́ ẹ̀.