Bí a ṣe ń fi asẹ́ wọn bí kọfí ṣe kúnná tó ní láàbù

Ohun kan ni mo máa ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó bá wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa: ẹ ṣọ́ lẹ́búlẹ́bú tó kéré jù lọ. Òun ló ń dí fílítà, òun ló ń tètè tú sínú omi tí kọfí fi ń korò. Òun náà ló sì nira jù láti wọ̀n.

Ẹ kọ́kọ́ lọ kọfí díẹ̀ dànù, kí èyí tó ṣẹ́ kù sínú ẹ̀rọ lè jáde. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó lọ èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀n. Ẹ má kàn bu ti òkè o: bí abọ́ bá ti mì, ńláńlá á gòkè, lẹ́búlẹ́bú á sọ̀ kalẹ̀. Ẹ dà á sórí bébà, ẹ pò ó, ẹ pín in sí mẹ́rin, kí ẹ mú ìdá méjì tó kọjú síra. Nínú rẹ̀ ni kí ẹ ti wọn gíráàmù 50.

Asẹ́ onírin tí mò ń lò ní ojú 850, 600, 425 àti 300 máíkírọ́ọ̀nù (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló wà nínú mìlímítà kan). Ẹ wọ̀n wọ́n lófìfo, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá tò wọ́n léra: olójú ńlá lókè, abọ́ tí kò lójú nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ á mì wọ́n fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ wọ̀n wọ́n, ẹ tún mì wọ́n fún ìṣẹ́jú kan sí i. Bí ìwọ̀n bá ṣì ń yí gan-an, kò tíì parí.

Nígbà ọyẹ́ ni wàhálà máa ń pọ̀. Afẹ́fẹ́ á gbẹ, lẹ́búlẹ́bú á lẹ̀ mọ́ èyí tó tóbi, á lẹ̀ mọ́ ara asẹ́, ẹ ó sì rò pé kò sí níbẹ̀ rárá. Ẹ kán omi ẹ̀kán kan péré sí hóró kọfí kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Bí ẹ bá mì í tán, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá abẹ́ asẹ́ kọ̀ọ̀kan sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti jọ èlùbọ́ rí mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ yọ ìwọ̀n asẹ́ kúrò. Ká ní gíráàmù 14 ló kù sórí asẹ́ 850, á jẹ́ pé 36 ló kọjá, ìyẹn ìdá 72 nínú 100. Specialty Coffee Association, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ kọfí, ní kí ìdá 70 sí 75 kọjá lójú asẹ́ yìí bí a bá fẹ́ tọ́ kọfí wò, nítorí náà ó dáa. Ẹ wá ro ohun tó wà lórí gbogbo asẹ́ àti nínú abọ́ pọ̀. Bí kò bá tó gíráàmù 49.5, èmi kì í gbà á; ẹ tún un ṣe.

Èyí tó kéré ju 100 máíkírọ́ọ̀nù lọ, ẹ̀rọ laser, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn bí nǹkan ṣe tóbi tó, ni kí ẹ gbé e fún. Ẹ má kàn fi èsì méjèèjì wéra o: hóró kọfí lílọ̀ tó gùn tẹ́ẹ́rẹ́ lè forí kọjá lójú asẹ́, kí laser sì kà á sí ńlá.