Lẹ́ǹsì gígùn fún Ọdún Ọ̀ṣun: bá a ṣe ń rà á, bá a ṣe ń lò ó

Tó bá ti kù díẹ̀ kí oṣù kẹjọ wọlé báyìí, àwọn àbúrò tó ń ya fótò níbí ní Òṣogbo á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé ẹ̀gbọ́n, lẹ́ǹsì wo la máa fi ya Arugbá, torí wọ́n mọ̀ pé àwọn ò lè sún mọ́ ọn. Kò tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ sún mọ́ ọn. Igbá wà lórí ọmọ yẹn láti ààfin Àtáọ́ja títí dé odò, wọn ò fẹ́ kó kọsẹ̀ rárá, ẹ wá ń ti èrò kẹ́ ẹ lè gbé kámẹ́rà sí i lójú, kò dáa. Ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kẹ́ ẹ fi lẹ́ǹsì gígùn fà á mọ́ra.

Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, lẹ́ǹsì 70-300mm ti tó, bí nọ́ńbà mm yẹn bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe máa ń fa nǹkan mọ́ra tó. 70-200mm f/2.8 dáa jù ú lọ níbi tó bá ṣókùnkùn, torí bí nọ́ńbà tó tẹ̀ lé f bá ṣe kéré tó ni ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ṣe pọ̀ tó, àmọ́ owó ẹ̀ ń bani lẹ́rù, ó sì tó nǹkan bíi kílò kan àtààbọ̀. 150-600mm dáa fún ẹyẹ àti bọ́ọ̀lù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò méjì, tẹ́ ẹ bá sì nà án dé 600, f/6.3 ló sábà máa ń bọ́ sí, ojú ẹ̀ á ṣú lábẹ́ igi inú igbó Ọ̀ṣun. Tí kámẹ́rà yín bá jẹ́ APS-C, ìyẹn èyí tí sensor tó ń gba àwòrán nínú ẹ̀ kéré díẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dààmú, 300mm lórí Nikon á rí bí 450mm, lórí Canon á rí bí 480mm.

Tókunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wa máa rà, ibẹ̀ gan-an lẹ ti gbọ́dọ̀ lajú. Ẹ ṣí ìdérí ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i látẹ̀yìn, kẹ́ ẹ rọra máa yí i wò láti ẹ̀gbẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ta bí okùn aláǹtakùn nínú gíláàsì, fungus nìyẹn, ohun tó máa ń hù tí ọ̀rinrin bá wọlé, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á, bó ti wù kó dínwó tó. Eruku díẹ̀ kì í ṣe wàhálà. Ẹ yí súùmù lọ, ẹ yí i bọ̀, kẹ́ ẹ tẹ́tí sí i, tó bá ń dún wùrùwùrù, iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Ẹ wá gbé e sórí kámẹ́rà tiyín kẹ́ ẹ yàwòrán kẹ́ ẹ tó sanwó. Mi ò ṣe èyí nígbà tí mo ra àkọ́kọ́, Nikon D3100 ló wà lọ́wọ́ mi, àwọn kámẹ́rà ìdílé D3000 àti D5000 yẹn ò ní motor focus nínú, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá lẹ́ǹsì wá ojú nǹkan kó lè mọ́, lẹ́ǹsì tí wọ́n tà fún mi ò sì ní tiẹ̀, kì í ṣe AF-S tí Nikon ń fi motor sí nínú, ẹni tó tà á ò sọ nǹkan kan, bí mo ṣe ń fọwọ́ yí focus nìyẹn tí Arugbá fi kọjá, fótò méjì péré ló mọ́.

Ẹ wá èyí tó ní stabilizer, Canon ń kọ IS sára tiẹ̀, Nikon VR, Sony OSS. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n nìyẹn ń bá wí o, kò lè dá ẹni tó ń jó dúró. Shutter, ìyẹn ìlẹ̀kùn inú kámẹ́rà tó ń ṣí tó sì ń pa dé, ló ń ṣèyẹn tó bá yára. Tẹ́ ẹ bá wà ní 300mm, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1/320 ìṣẹ́jú àáyá, lórí APS-C ẹ lọ sí 1/500, tí ìlù bá ti gbóná, 1/800 ni tèmi. Tó bá wá ṣókùnkùn, ẹ gbé ISO, ìyẹn nọ́ńbà tó ń jẹ́ kí kámẹ́rà túbọ̀ mọ ìmọ́lẹ̀ lára, dé 3200, ẹ má bẹ̀rù. Fótò tó ní hóró-hóró ṣeé tún ṣe, èyí tó mì ti lọ nìyẹn.

Ọwọ́ òsì lábẹ́ lẹ́ǹsì, ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì mọ́ ìhà, ẹ fara ti igi, ẹ mí jáde díẹ̀díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé tripod ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta sáàárín èrò, èèyàn á fẹsẹ̀ kọ ọ́, monopod ẹlẹ́sẹ̀ kan tó.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dánra wò, ẹ lọ dúró ní oríta Ọláìyá nírọ̀lẹ́ kẹ́ ẹ máa ya ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, tẹ́ ẹ bá ti lè mú ojú ẹ̀ kó mọ́ kedere, ojú Arugbá ò ní ṣòro. Ọ̀sán gangan ò dáa, ooru orí títì máa ń jẹ́ kí ohun tó jìnnà rí bí ìgbà téèyàn ń wò ó látinú omi. Àwọn ọ̀bọ inú igbó náà dáa, ẹ ṣáà bèèrè lẹ́nu ọ̀nà kẹ́ ẹ tó gbé kámẹ́rà wọlé.

Òjò lè rọ̀, oṣù kẹjọ ni, torí náà ẹ lu náílọ́ọ̀nù kan, kẹ́ ẹ fi rọ́bà dè é mọ́ hood, ìyẹn ike tó ń bo iwájú lẹ́ǹsì lọ́wọ́ oòrùn. Tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má tì í mọ́ inú báàgì tó tutù di àárọ̀, ibẹ̀ ni fungus ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ wá gbé e sínú ike onídèérí pẹ̀lú àwọn àpò kéékèèké tó ń fa ọ̀rinrin, tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun.