Géèmù dẹ́símà tó ń fi máàkì tọrẹ: bí a ṣe tún un ṣe

Géèmù ní kí ọmọ tẹ nọ́ńbà tó tóbi jù nínú méjì. Àwọn ọmọ ń gba gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ nínú ìwé wọ́n ń kọ pé 0.35 ju 0.8 lọ. Ohun tó fà á: nínú gbogbo ìbéèrè, bíi 0.75 àti 0.3, èyí tó gùn náà ló tóbi. Ọmọ tó kàn ń wo gígùn kò lè ṣì í.

A pààrọ̀ ìbéèrè 12: mẹ́rin bíi 0.35 àti 0.8, mẹ́rin bíi 0.62 àti 0.4 (nítorí àwọn ọmọ kan gbà pé èyí tó kúrú ló tóbi), mẹ́rin bíi 0.5 àti 0.50, pẹ̀lú bọ́tìnnì “wọ́n dọ́gba”. A yọ aago kúrò. Ìkánjú ló ń mú wọn méfò. Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìkan ni géèmù ń kọ sílẹ̀ báyìí.